Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn sí Ẹbí Màmá Abẹ́rẹ́, Aránṣọ tó Yọ̀ǹda Ọkàn Wọn fún Ìwádìí

Láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀ka Ìwádìí Àrùn Ọkàn àti gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn wa,

Sí Bàbá, sí ẹ̀yin ọmọ, àti sí ẹ̀yin àbúrò olóògbé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn ikú Màmá kàn wá, ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀ ni a sì fi ń kọ̀wé yìí sí yín. Fóònù yàrá ìránṣọ ni Bàbá pè, bóyá nítorí pé òun ni nọ́ńbà kan ṣoṣo ní ilé ìwòsàn wa tí wọ́n mọ̀ sórí láti ìgbà pípẹ́. Obìnrin tó gbé e rí i pé láti ilé yín ni, ó rò pé Màmá tún fẹ́ béèrè bóyá aṣọ funfun tuntun ti dé, ló bá fi ẹ̀rín sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi ná! Ṣebí ẹ ti fẹ̀yìn tì.” Ohùn Bàbá ló dá a lóhùn. Àwọn máṣíìnì inú yàrá náà dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó jókòó tì wọ́n ṣe ń rí ojú obìnrin náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé yàrá tí a ti ń ya àwòrán ọkàn, dókítà wa ń yẹ aláìsàn kan wò lọ́wọ́. Ó parí iṣẹ́ náà, ó nu àyà ọkùnrin náà gbẹ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí a ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ọ̀fọ̀ ìyá rere. A kò ní ọ̀rọ̀ tó lè dí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé yín. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí wọ́n jẹ́ nínú ilé tiwa, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbí lónìí kò tíì dé nígbà tí Màmá wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ ní yàrá ìránṣọ. Àwọn ni wọ́n rán ẹ̀wù tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń wọ̀, àwọn ni wọ́n rán kọ́tìnì tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, àti àwọn ẹ̀wù kéékèèké fún ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Wọn kì í jẹ́ kí ojú rírán kankan wà níbi tó ti máa kan awọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìta ni wọ́n máa ń yí i sí, kódà nígbà tí ọ̀gá kan wí fún wọn pé kò dára lójú. Wọ́n ní ọmọ náà kò ní dígí.

Orúkọ tí gbogbo wa ń pè wọ́n, Màmá Abẹ́rẹ́, fa wàhálà díẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Tí ẹnikẹ́ni bá ní, “Màmá Abẹ́rẹ́ ń bọ̀ o,” àwọn ọmọ á kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á na tépù wọn sí wọn, wọ́n á ní, “Ti aṣọ ni tèmi o, ọkọ mi. Àwọn tó ń gún èèyàn nìyẹn.” Wọ́n á wá nàka sí nọ́ọ̀sì. Àwọn nọ́ọ̀sì kò dárí èyí jì wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn yín ni àìsàn náà fara hàn. Ẹsẹ̀ wọn wú. Wọn kò lè sùn kalẹ̀ mọ́, ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Àwọn aládùúgbò ní àárẹ̀ abiyamọ ni. Àwọn mìíràn ní Màmá ti ṣiṣẹ́ jù nínú oyún, pé Màmá ló fọwọ́ ara wọn fà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, dókítà wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka yìí nígbà náà, bá wọn lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ká lé itan, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ṣé ẹ ń sinmi ni?”

“Rárá o, ọmọ mi. Mò ń ṣọ́ àtẹ̀gùn kí wọ́n má baà jí i gbé.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì mú wọn lọ sí yàrá àwòrán lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara fi ọkàn wọn hàn wá. Ọkàn tó yẹ kó máa fún pọ̀ bí ìkúùkù, kó máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde lọ sí gbogbo ara, ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ògiri rẹ̀ ti tín-ín-rín, agbára tó fi ń fún pọ̀ sì ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Màmá wo ojú ẹ̀rọ náà dáadáa. Wọ́n ní, “Dókítà, tí aṣọ bá fẹ̀, èmi á dín in. Èwo nínú yín ló máa dín eléyìí fún mi?” Ó dá wọn lóhùn pé oògùn ló máa dín in, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ní sùúrù. Wọ́n ní sùúrù. Kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn náà ti ń gun àtẹ̀gùn padà, ọkàn wọn sì ti súnmọ́ ìwọ̀n tó yẹ kó jẹ́.

Ìmọ̀ nípa irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kéré nígbà náà. Ìwádìí tí a ń ṣe àti èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe níbi púpọ̀ ló là wá lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń sọ pé àìsàn wọn kò ní ìdí, inú ìdílé ni ìdí rẹ̀ wà. Àìsàn tó mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ àti èyí tó mú ọkùnrin tí kò lóyún rí lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Nínú iṣan ọkàn, okùn kan wà tó tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ, òun ló ń jẹ́ kí iṣan náà nà kó sì tún padà sípò. Ní àwọn ìdílé kan, ìlànà tí ara fi ń ṣe okùn yìí ti gé kúrú kí wọ́n tó bí èèyàn sáyé. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé bó ṣe rí lára Màmá nìyẹn, dókítà jókòó, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi ṣàlàyé. Wọn kò jẹ́ kó wá a jìnnà.

“Rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò lẹ ń sọ yìí. Rọ́bà ló dẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ wá bá mi kọ ọ́ sí bébà, kí n lọ fi han àwọn tó ní mo ṣiṣẹ́ jù.”

Ẹ̀yin àbúrò wọn, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe kó yín wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú yín jà. Ó ní òun tí òun ń gbé ẹrù gun òkè lójoojúmọ́, kí ni òun fẹ́ wá ṣe ní ilé ìwòsàn? Màmá ní, “Ta ló sọ pé ara rẹ kò yá? Dùbúlẹ̀ jàre, kí wọ́n wò ọ́, ká lọ jẹun.” Àwòrán ọjọ́ náà fi ọkàn kan hàn wá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni ín kò tíì ní ìrora kankan. A kò ní sọ ẹni tó jẹ́; ẹni náà mọ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú rárá, ó sì wà láàárín yín lónìí, ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tó tóbi jù tí Màmá ṣe fún wa ni a fẹ́ sọ báyìí. Lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, ìbéèrè kan wà tí gbogbo wọn ń bi Màmá: “Wọ́n ní ọkàn mi ti padà sípò. Kí ni mo tún ń lo oògùn sí?” Àwọn kan kò dúró de ìdáhùn, wọ́n dá oògùn dúró nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn bẹ́ẹ̀, àwọn kan tí Màmá mọ̀ dáadáa kò padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà mọ́. Àwa dókítà àti olùwádìí fúnra wa kò mọ̀ dájú. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ìwádìí kalẹ̀: láàárín àwọn tí ọkàn wọn ti yá, apá kan á máa lo oògùn lọ, apá kan á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi ní lò ó mọ́, pẹ̀lú àyẹ̀wò lemọ́lemọ́.

A kò bẹ Màmá. Àwọn ni wọ́n wá bá wa.

Dókítà ní, “Ẹ̀yin kọ́, Mà. Tí àìsàn náà bá padà ńkọ́?”

Wọ́n ní, “Tó bá padà, ṣebí ẹ wà níbí? Àwọn tó ń dá a dúró nílé, ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?”

Bàbá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Inú yín kò dùn, ẹ kò sì fi pamọ́. Ẹ bi wá ní gbogbo ohun tó yẹ kí ọkọ béèrè, ẹ sì jókòó tì wọ́n títí ó fi parí. A kò gbàgbé.

Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó ń ka àwòrán kì í mọ ẹni tó ni ọkàn. A máa ń bo orúkọ. Èèyàn méjì á kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kan kò sì ní bá èkejì sọ̀rọ̀ títí àwọn méjèèjì á fi kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí àánú tàbí ìfẹ́ má baà yí ojú wa. Dókítà wa wà lára àwọn tó ń kà. Ní ọjọ́ kan láàárín ìwádìí náà, ó ka ọkàn kan tó tún ti ń fẹ̀, ó sì sọ fún akọ̀wé pé, “Ẹ pe ẹni yìí lónìí. Ẹ má jẹ́ kó dọ̀la.” Ẹnì kejì tó kà á sọ ohun kan náà. Nígbà tí a ṣí orúkọ, Màmá ni, wọ́n sì wà lápá àwọn tó ń dín oògùn kù. Dókítà kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ sí yàrá ìránṣọ. Màmá rí ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, wọ́n ní, “Ṣé ọkàn mi ti dá wa lóhùn?”

Oògùn padà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ara kò balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ tún wú, wọ́n tún ń sùn ní ìjókòó fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ sì rí i. Àkọ́bí yín obìnrin, tó ṣì wà ní ilé ìwé nígbà náà, ló ń to ìrọ̀rí sẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ni ọkàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sípò, ó sì padà.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó dá oògùn dúró tí bó ṣe rí lára Màmá ṣe rí lára wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó lọ. Báyìí la ṣe mọ̀ pé ọkàn tó yá kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ; oògùn ló ń dì í mú. Lọ́jọ́ tí a ka àbájáde ìwádìí náà fún gbogbo òṣìṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí pe Màmá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní “àwọn tó kùnà.” Màmá wà lórí ìjókòó iwájú. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kùnà? Èmi tí mo dá yín lóhùn yìí?”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, olùwádìí náà sì tọrọ àforíjì. Nínú gbogbo ohun tí a kọ lẹ́yìn ọjọ́ náà, “àwọn tí ọkàn wọn béèrè oògùn wọn padà” ni à ń pè wọ́n. Láti ìgbà náà, kò sí aláìsàn tuntun tó dé bẹ́ǹṣì náà tí Màmá kò jókòó tì lákòókò ìsinmi ọ̀sán wọn. Àwọn tó ń gbọ́rọ̀ sí Màmá lẹ́nu ju tiwa lọ pọ̀. A gbàgbọ́ pé àwọn èèyàn wà láàyè lónìí, tí wọn kò mọ̀ wọ́n rí, nítorí ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹ̀yin ẹbí wa, nígbà tí a wá kí yín, àkọ́bí yín gbé omi fún wa. Ó dúró títí a fi mu ún, ó wá ní, “Ẹ má bínú o. Ṣé oògùn tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá mi nígbà yẹn ló pa wọ́n?” Bàbá ní, “Ọmọ mi, àlejò ni wọ́n.” A bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kó béèrè. Ó ní òun ti béèrè tán, àti pé kò sí ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ wa tó máa fọwọ́ kan àyà òun láéláé.

Ọmọ wa, ìbéèrè rẹ tọ́, ìdáhùn sì tọ́ sí ọ. Òtútù àyà ló mú ìyá rẹ lọ. Àwọn dókítà tó tọ́jú wọn nítòsí ilé yín sọ bẹ́ẹ̀, ìwé wọn sì wà lọ́wọ́ Bàbá. Àwòrán tí a yà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí fi hàn pé ọkàn wọn ń fún pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bóyá àwọn oṣù tí wọn kò lo oògùn yẹn mú díẹ̀ kúrò nínú agbára tí wọn ìbá fi bá òtútù àyà jà, kò sí òṣùwọ̀n ayé yìí tó lè wọ̀n ọ́n. A kò ní sọ fún ọ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé wọ́n mọ ewu tó wà níbẹ̀, a sọ ọ́ fún wọn láìbò, wọ́n sì yàn án nítorí àwọn ẹlòmíràn.

Bàbá ti sọ fún wa pé o ti fẹ́ra kù. A bá ọ yọ̀, a kò sì ní pariwo rẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ, o lè jogún rẹ̀, o sì lè má jogún rẹ̀. Kódà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jogún rẹ̀ kì í ṣàìsàn. Àmọ́ oyún àti ìgbà tí èèyàn bá bímọ tán jẹ́ àkókò tó yẹ kí ẹnì kan máa wo ọkàn ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ àwa. A ti bá ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì ìlú sọ̀rọ̀. Obìnrin ni dókítà ọkàn wọn, kò bá wa ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, ó sì ti gbà láti rí ọ nígbàkígbà tó bá wù ọ́, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Bí o bá fẹ́ kó jẹ́ nílé, a ó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré. Bí o bá sì fẹ́ kí a yọ gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìyá rẹ kúrò nínú ìwádìí wa, Bàbá àti ìwọ ni ẹ ní àṣẹ. A ó ṣe é, a kò sì ní béèrè ìdí. Ìtọ́jú tí a ń ṣe fún àwọn àbúrò Màmá kò ní dúró nítorí ìpinnu yòówù tí ẹ bá ṣe.

Olúwa tó mọ inú ọkàn kí ẹ̀rọ kankan tó wà, kó tu ẹ̀yin ẹbí nínú. Kó dúró ti Bàbá ní àárọ̀ àti ní alẹ́, nígbà tí ilé bá dákẹ́ jù. Kó fún àwọn ọmọ ní okun láti rántí láìsunkún nígbà gbogbo. Kó ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀, kó sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Kó sì fún ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ tán ní ìsinmi. Àmín.

Tiyín nínú ọ̀fọ̀,
Akọ̀wé Ẹ̀ka Ìwádìí Àrùn Ọkàn

Àfikún: Ẹ ó rí ẹrù kékeré kan pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn obìnrin yàrá ìránṣọ jókòó, wọ́n rán ẹ̀wù àyẹ̀wò kan ní ìrántí Màmá. Òwú funfun tó rọ̀ ni, àyè wà níwájú rẹ̀ fún oyún, apá òsì nìkan ló sì ń ṣí, kí obìnrin tó wọ̀ ọ́ má baà wà níhòòhò níwájú àlejò. A kò tẹ òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn wa sí i, nítorí náà ó ṣeé wọ̀ ní ilé ìwòsàn yòówù. Olúkúlùkù wọn ló rán ojú kan. Dókítà wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun náà rán ìjàrá kan. Ó wọ́, wọ́n sì fẹ́ tú u, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́bí Màmá ni. Bí kò bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kò burú. A ti fọ̀ ọ́, a ti lọ̀ ọ́, ó sì tó fi wé ọmọ.